Àkọsílẹ̀ Tí Server Ń Kọ, àti Ẹni Tí Ó Yẹ Kí Ó Máa Kà Á

Kò sí ìkànnì kan lórí ayélujára, ìbáà jẹ́ ti ilé ìfowópamọ́ ńlá tí ẹ̀ka rẹ̀ kárí ayé, ìbáà jẹ́ ti ilé ẹ̀kọ́ kékeré ní Ìkìrun tí kò fi í ṣe ju pé kí ó máa kéde ọjọ́ ìwọlé àwọn ọmọ lọ, tí kò ní kọ̀ǹpútà kan tí ó gbé e dúró níbì kan. Server ni àwọn onímọ̀ ń pe kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀: a-má-sùn-má-wo, a-dá-àlejò-lóhùn-tọ̀sán-tòru, tí ẹnì kan kì í kan ilẹ̀kùn rẹ̀ kí ó má fèsì, tí kì í sì í fèsì tán kí ó má kọ ọ́ sílẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí máígáàdì ilé iṣẹ́ ńlá ti ń ní ìwé gbàǹgbà kan lórí tábìlì lẹ́nu géètì, nínú èyí tí ó ń kọ orúkọ ẹni tí ó dé, aago tí ó dé, àti ọ́fíìsì tí ó ní òun ń lọ, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni server ń kọ ti àwọn àlejò tirẹ̀. Àfi pé máígáàdì a máa tòògbé, a sì máa fojú fo ẹni tí ó bá mọ̀ dá, nígbà tí server kì í ṣojúsàájú ẹnikẹ́ni: ọba wọlé, ó kọ ọ́. Ìwẹ̀fà wọlé, ó kọ ọ́. Olè a-rìn-lóru-má-jẹ̀ẹ́-kí-ilẹ̀-ó-gbọ́ wọlé, ó kọ òun náà.

Àmọ́ ìwé kì í dìde lọ mú olè. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí, ojú ènìyàn náà ni a sì fi ń ṣọ́ ìkànnì. Bí àkọsílẹ̀ bá kún dé àjà tí kò sí ẹni tí ó ń ṣí i wò, bí ẹni pé a kò kọ ohunkóhun ni. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ó bá ní ìkànnì, àní ẹni tí kò mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà rárá, mọ ohun tí ó wà nínú àkọsílẹ̀ yìí, kí ó sì mọ irú ìbéèrè tí ó yẹ kí ó máa bi ẹni tí ó gbé iṣẹ́ náà fún.

Ẹ jẹ́ kí a ṣí ìwé náà, kí a wo ìlà kan péré nínú rẹ̀. Èmi ni mo kọ ọ́ fún àpẹẹrẹ, nọ́ńbà tí ó sì ṣíwájú rẹ̀ wà lára àwọn tí a yà sọ́tọ̀ fún irú àpẹẹrẹ báyìí, tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni láyé:

203.0.113.45 - - [14/Mar/2024:02:17:09 +0100] "GET /esi-idanwo HTTP/1.1" 200 5120

Ẹni tí kò bá rí irú rẹ̀ rí lè rò pé ọfọ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ tí kò ní àdììtú kankan nínú ni. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni àdírẹ́sì ibi tí ìbéèrè náà ti wá, ìbáà ṣe kọ̀ǹpútà, ìbáà ṣe fóònù. Dáṣì méjì tí ó tẹ̀ lé e jẹ́ àyè òfìfo. Ibẹ̀ ni orúkọ àlejò ì bá wà bí ó bá ṣe pé ó ti dárúkọ ara rẹ̀ fún server, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àlejò kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ àti àkókò ni ó wà nínú àkámọ́: ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, nígbà tí aago méjì òru ti fi ìṣẹ́jú 17 kọjá, +0100 tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì fi hàn pé aago tí àwa ń lò ní Nàìjíríà ni, èyí tí ó fi wákàtí kan ṣíwájú aago Greenwich. GET ni iṣẹ́ tí àlejò bẹ server, èyíinì ni pé kí ó gbé ojú ewé kan wá fún òun, orúkọ ojú ewé náà, ti èsì ìdánwò, ni ó sì tẹ̀ lé e. Nọ́ńbà 200 ni ìdáhùn server: ó ní ohun tí o bèèrè wà, gbà á. Bí ó bá jẹ́ 404 ni ó kọ síbẹ̀, a jẹ́ pé kò sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nílé. Bí ó bá jẹ́ 403, ó wà, ṣùgbọ́n ìwọ kọ́ ni a ó fún. Bí ó bá jẹ́ 500, nǹkan ti dàrú lọ́wọ́ server fúnra rẹ̀. Iye báìtì tí ó gbé fún àlejò ni 5120 tí ó kẹ́yìn.

Ìlànà ìkọ̀wé yìí kì í ṣe tòní. Ọwọ́ àwọn tí ó kọ ètò kọ̀ǹpútà tí ń ṣe iṣẹ́ server (server náà ni wọ́n ń pè é) ní NCSA, ilé ìwádìí kan ní Yunifásítì Illinois ní Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí ọdún 1993, ni ó ti gbilẹ̀. Apache tí ó jáde ní 1995, tí a kọ́ lé orí iṣẹ́ wọn, jogún rẹ̀. Nginx tí Igor Sysoev, ọmọ Rọ́ṣíà, gbé jáde ní 2004 kò sì yà kúrò lójú ọ̀nà náà púpọ̀. Ohun méjì ni àwọn ènìyàn wá fi kún un: ibi tí àlejò ti ń bọ̀, àti irú bráúsà tí ó ní òun ń lò. Mo ní "tí ó ní òun ń lò," nítorí àlejò fúnra rẹ̀ ni ó ń sọ ọ́, irọ́ kò sì wọ́n lẹ́nu olè. Róbọ́ọ̀tì burúkú, ètò kọ̀ǹpútà tí ń dá rìn kiri ayélujára, a máa pe ara rẹ̀ ní Googlebot, tí í ṣe ìránṣẹ́ tí Google ń rán kiri ayélujára láti mọ ohun tí ó wà níbẹ̀, kí onílé lè ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún un láìwẹ̀yìn. Ẹni tí ìfura bá jẹ́ oògùn àgbà fún kò ní gba ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ gbọ́; yóò mú àdírẹ́sì tí ó ti wá, yóò wádìí orúkọ tí ó so mọ́ ọn, bí orúkọ náà kò bá sì jẹ́ ọ̀kan lára èyí tí Google kéde pé tòun ni, irú googlebot.com, tàbí bí orúkọ náà kò bá tọ́ka padà sí àdírẹ́sì kan náà, ẹlẹ́tàn ni.

Ohun tí ó ṣòro nínú iṣẹ́ yìí kì í ṣe kíka ìlà kan. Ìkànnì tí kò tóbi rárá lè kọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlà lóòjọ́, ẹni tí kò bá sì mọ bí ilé rẹ̀ ti ń rí lọ́jọ́ tí ara rọ̀ ọ́, kò lè mọ ọjọ́ tí ara ń ni ín. Bí èsì ìdánwò bá jáde lọ́jọ́ Ẹtì, tí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ènìyàn sì rọ́ dé orí ìkànnì ilé ẹ̀kọ́ láàárín wákàtí kan, òbí ni wọ́n, kì í ṣe ogun. Ṣùgbọ́n bí irú èrò bẹ́ẹ̀ bá rọ́ dé ní aago mẹ́ta òru nígbà tí àwọn ọmọ wà ní ìsinmi, tí gbogbo wọn sì ń bèèrè ojú ewé kan ṣoṣo, ó kọjá mo rí nǹkan fìrí: àjànàkú ni ó wọlé yẹn. Nítorí náà, ẹni tí yóò bá ṣe iṣẹ́ yìí dáradára gbọ́dọ̀ ti máa ka àkọsílẹ̀ rẹ̀ nígbà àlàáfíà, kí ó mọ ojú ewé tí àwọn ènìyàn fẹ́ràn, wákàtí tí wọ́n ń wá, ìlú tí wọ́n ti sábà ń wá, àti ìwọ̀n ohun tí wọ́n sábà ń gbé lọ.

Ohun kékeré sì ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ yí padà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1986, kí ìkànnì kankan tó dé ayé rárá, Clifford Stoll, onímọ̀ nípa ìràwọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé lọ sí ìdí kọ̀ǹpútà ní ilé ìwádìí Lawrence Berkeley ní California, ni wọ́n ní kí ó wá ìdí tí ìṣirò owó ìlò kọ̀ǹpútà wọn fi fi sẹ́ńtì 75 yàtọ̀ síra. Sẹ́ńtì 75! Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ì bá yọ owó náà lápò ara wọn kí ọ̀rọ̀ lè tán nílẹ̀. Stoll kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó yẹ àkọsílẹ̀ wò, ó rí i pé ẹnì kan tí kò ní àṣẹ ti ń lo kọ̀ǹpútà wọn. Ó wá so ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mọ́ àwọn okùn tí àwọn ará ìta ń gbà wọlé, kí gbogbo ohun tí àlejò náà bá tẹ̀ máa jáde sórí bébà, níbi tí ọwọ́ olè kò ti lè tó o láti pa á rẹ́. Ó kó fáìlì irọ́ jọ nípa ohun ìjà ogun kí ọ̀daràn náà lè pẹ́ nídìí kíkà á, kí wọ́n lè ráyè tọ okùn fóònù rẹ̀ dé orísun. Olè ló mọ ẹsẹ̀ olè tọ̀ lórí àpáta, ni àwọn àgbà wí, ṣùgbọ́n Stoll kì í ṣe olè. Sùúrù ni ó fi tọ̀ ọ́. Ibi tí ẹsẹ̀ náà já sí ni ìlú Hannover ní Jámánì, lọ́dọ̀ Markus Hess, tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ta ohun tí wọ́n bá rí jí nínú kọ̀ǹpútà Amẹ́ríkà fún KGB, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba Soviet ayé ìgbà náà. Ilé ẹjọ́ dá wọn lẹ́bi ní 1990. Nínú gbogbo ìtàn iṣẹ́ yìí, kò sí èyí tí mo fẹ́ràn tó o, nítorí pé kì í ṣe ẹ̀rọ olówó ńlá ni ó mú olè náà, ẹnì kan tí ó kọ̀ láti gbà pé sẹ́ńtì 75 kò tó nǹkan ni.

Báwo wá ni ẹsẹ̀ olè ti ń rí nínú àkọsílẹ̀ server lónìí? Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀, nítorí náà ohun àkọ́kọ́ tí olè ń ṣe ni kí ó wá ibi tí ògiri gbé lanu. Yóò bèèrè /phpmyadmin, yóò bèèrè /backup.zip, yóò bèèrè /.env, tí í ṣe fáìlì tí àwọn tí ń kọ́ ìkànnì máa ń kọ ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé sí, tí wọn kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ó hàn síta láéláé. Kò mọ̀ bóyá àwọn nǹkan wọ̀nyí wà nílé náà. Ó kàn ń bèèrè ni, server sì ń dá a lóhùn pé 404, 404, 404. Ẹyọ 404 kan kò fi nǹkan kan hàn. Ẹni tí ó ṣi orúkọ ojú ewé kọ ni. Ṣùgbọ́n ọgọ́rùn-ún 404 láti àdírẹ́sì kan láàárín ìṣẹ́jú méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń bèèrè ohun tí ìkànnì náà kò ní rí, olè ni. Bí 200 kan ṣoṣo bá sì wá yọ láàárín wọn, ibẹ̀ ni kí onílé ti fò dìde.

Àwọn mìíràn wà tí ojú wọn tún le jù bẹ́ẹ̀. Bí a bá rí ../../../../etc/passwd nínú ìbéèrè, ohun tí olè ń sọ fún server ni pé padà sẹ́yìn, padà sẹ́yìn, padà sẹ́yìn, títí tí yóò fi jáde kúrò nínú yàrá tí ìkànnì ń gbé, tí yóò sì dé ibi tí orúkọ àwọn tí ń lo kọ̀ǹpútà náà wà. Bí a bá rí ' OR '1'='1, tí àmì rẹ̀ sábà máa ń jáde nínú àkọsílẹ̀ bí %27, dátábéèsì ni ó ń bá sọ̀rọ̀, níbi tí ìkànnì ń kó orúkọ àti ìwífún àwọn ènìyàn sí. Ó ń wí fún un pé kí ó ṣílẹ̀kùn bí ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé bá tọ̀nà tàbí bí ení bá jẹ́ ení; níwọ̀n ìgbà tí ení kò sì lè ṣe kí ó má jẹ́ ení, dátábéèsì tí a kò kọ́ ní ọgbọ́n yóò ṣílẹ̀kùn gbayawu.

Èyí tí ó ń tan ọ̀pọ̀ jẹ jù, tí ó sì kan àwa tí a wà nílé níhìn-ín, ni ti WordPress, ètò tí a fi ń kọ́ ìkànnì, tí àìmọye ìkànnì kékeré ń lò. wp-login.php ni ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Róbọ́ọ̀tì olè a máa dúró síbẹ̀, a máa fi ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé kan tẹ̀ lé òmíràn, ìlà lórí ìlà sì ni server yóò máa kọ 200 sí ìdí wọn. Ẹni tí kò mọ̀dí yóò rò pé olè ti wọlé, ẹ̀rù yóò bà á. Bẹ́ẹ̀ ó kùnà ni, nítorí ojú ewé ìwọlé kan náà ni WordPress fi 200 gbé padà fún un pé kí ó tún gbìyànjú. Ẹni tí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ bá tọ̀nà ni ó ń fi 302 darí sínú ilé. Irinwó ìlà tí ó parí sí 200, tí ìlà kan ṣoṣo tí ó parí sí 302 wá tẹ̀ lé, láti àdírẹ́sì kan náà: ìyẹn ni ó yẹ kí ó lé oorun kúrò lójú onílé. Kí ó má sì retí pé àkọsílẹ̀ yóò fi ọ̀rọ̀ tí olè tẹ̀ hàn án, nítorí POST ni a fi ń fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí server, kì í ṣe GET, ohun tí a bá sì fi POST ránṣẹ́, ara rẹ̀ kì í hàn nínú ìwé yìí. Ẹnu ọ̀nà tí a gbé e gbà nìkan ni ó ń hàn.

Ní ọdún 2001, gbogbo ayé ni ó rí ẹsẹ̀ kan náà lọ́jọ́ kan náà. Ọjọ́ 19 oṣù Keje ni. Kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n sọ ní Code Red ń ti ara server kan bọ́ sí òmíràn, láàárín wákàtí tí kò pé 14, ó ti wọ inú kọ̀ǹpútà tí ó lé ní 359,000. IIS, server ti ilé iṣẹ́ Microsoft, ni ó ń jà, ihò tí ó sì gbà wọlé, Microsoft ti gbé oògùn rẹ̀ jáde láti ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà, ó ku kí àwọn onílé lò ó. Àwọn tí ń lo Apache kò kó àrùn náà, síbẹ̀ àkọsílẹ̀ tiwọn náà kún, nítorí kòkòrò náà kì í bèèrè irú ẹni tí ó wà nílé kí ó tó kan ilẹ̀kùn: GET /default.ida?NNNNNNNN, lẹ́tà N lórí N títí ìlà fi gùn kọjá ojú kọ̀ǹpútà. Ẹni tí ó bá ń ka ìwé rẹ̀ lọ́jọ́ náà mọ̀ pé ogun ti bẹ́, kí ìwé ìròyìn kankan tó sọ fún un.

Equifax ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ tí ń tọ́jú ìtàn gbèsè àwọn ènìyàn, fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí àìwò ń fà. Láti ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún sí ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún 2017 ni àwọn olè fi wà nínú ilé wọn, tí wọ́n ń kó ìwífún nǹkan bí mílíọ̀nù 147 ènìyàn jáde díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀rọ tí ó yẹ kí ó máa yẹ ohun tí ń wọlé tí ń jáde wò, ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí tí ẹ̀rọ náà fi ń tú ọ̀rọ̀ tí a dì ti kú láti ọ̀pọ̀ oṣù sẹ́yìn, kò sì sí ẹni tí ó mọ̀. Ọjọ́ 29 oṣù Keje ni wọ́n tún un ṣe. Kò pẹ́ rárá lẹ́yìn náà tí wọ́n fi rí i pé nǹkan kan ń jáde lọ. Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọjọ́ olóhun kò lè tètè pé bí olóhun bá di ojú ara rẹ̀.

Ó tún burú débi pé ohun èlò ìkọ̀wé fúnra rẹ̀ lè di ẹnu ọ̀nà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021 ni ayé gbọ́ pé Log4j, tí àìníye ètò kọ̀ǹpútà tí a fi èdè Java kọ ń lò láti kọ àkọsílẹ̀ wọn, kì í kàn kọ ohun tí a bá sọ; bí a bá ti sọ ọ̀rọ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ${jndi: sí i létí, ó lè lọ bá ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dárúkọ, kí ó sì ṣe iṣẹ́ tí onítọ̀hún bá rán an. Ní àkókò náà, inú àkọsílẹ̀ kan náà ni àwọn onímọ̀ káàkiri ayé ti ń wá ọ̀rọ̀ jndi ní òru àti ní ọ̀sán, láti mọ ẹni tí ó ti wá dán an wò nílé wọn.

Mo gbọ́dọ̀ kìlọ̀ fún ẹni tí inú rẹ̀ bá ti ń dùn pé òun yóò máa mú ọ̀daràn. Àdírẹ́sì kì í ṣe ènìyàn. Ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀lọpọ̀ fóònù ni àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù máa ń kó sábẹ́ àdírẹ́sì kan, tí ẹni tí ó bá dí i pa yóò dí ọgọ́rọ̀ọ̀rún aláìṣẹ̀ mọ́ ọn. Olè náà a sì máa gun orí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Mahmood Yakubu, tí ó jẹ́ alága INEC, àjọ elétò ìdìbò Nàìjíríà, nígbà náà, sọ ní ọdún 2022 pé àwọn kan gbìyànjú láti ja ìkànnì èsì ìbò nígbà ìdìbò gómìnà Èkìtì àti Ọ̀ṣun, tí òmíràn sì ti Éṣíà wá, irú ohun tí àkọsílẹ̀ lè sọ fún ni nìyẹn: ilẹ̀ tí kọ̀ǹpútà náà wà. Kò lè sọ orúkọ ìyá ẹni tí ó jókòó nídìí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àkọsílẹ̀ yìí kì í ṣe ìwé tí ó yẹ kí ó wà ní gbangba. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2016, nínú ẹjọ́ tí Patrick Breyer, olóṣèlú ará Jámánì, pe ìjọba ilẹ̀ rẹ̀ nítorí pé àwọn ìkànnì ìjọba ń pa àdírẹ́sì àwọn àlejò mọ́, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù sọ pé àdírẹ́sì bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ ohun ìdánimọ̀ ènìyàn tí òfin ń dáàbò bò, síbẹ̀ ó gbà pé onílé lè ní ìdí láti tọ́jú rẹ̀ kí ó fi gbèjà ara rẹ̀. Nàìjíríà ní tirẹ̀, nínú òfin ìwà ọ̀daràn orí ayélujára ti ọdún 2015, ní kí àwọn ilé iṣẹ́ tí ń pèsè ayélujára tọ́jú àkọsílẹ̀ ìrìnsí-ìrìnbọ̀ àwọn oníbàárà wọn fún ọdún méjì.

Iṣẹ́ tí ó kù nílẹ̀ kò nira. Kí aago server tọ́, nítorí àkọsílẹ̀ tí àkókò rẹ̀ kò pé kò wúlò níwájú adájọ́. Kí ẹ̀dà rẹ̀ máa lọ sí kọ̀ǹpútà mìíràn lójú ẹsẹ̀, nítorí olè tí ó bá gba ilé a máa ya ojú ewé tí orúkọ rẹ̀ wà, bébà Stoll kò sì tí ì di ohun àtijọ́. GoAccess wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tí ó bá fẹ́ rí àkópọ̀ ọjọ́ kan lójú kan. Fail2ban wà lọ́fẹ̀ẹ́, tí yóò máa ka ìwé náà tí yóò sì máa tilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí ó bá kùnà léraléra. Ẹ̀rọ wọ̀nyí dára, mo sì gbà kí a lò wọ́n, ṣùgbọ́n ohun tí a bá kọ́ wọn nìkan ni wọ́n mọ̀. Ènìyàn ni ó lè wo ìlà kan kí ó sọ pé èyí kò jọ ilé wa.

Ẹ̀yin tí ẹ dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ẹ̀yin alága ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹ̀yin pásítọ̀ àti ẹ̀yin ààfáà tí orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ọ̀pọ̀ ènìyàn wà níkàáwọ́ yín, ẹ pe ẹni tí ó ń bójú tó ìkànnì yín lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ bi í léèrè ibi tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà, iye ọjọ́ tí wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀, àti ọjọ́ tí ẹnì kan kà á kẹ́yìn. Bí kò bá rí ìdáhùn sí èyí tí ó kẹ́yìn, ẹ fún un ní iṣẹ́ kíkà náà, kí ẹ sì san owó rẹ̀ fún un. Bí kò bá lè ṣe é, ẹ wá ẹlòmíràn tí yóò ṣe é.